Àwọn Ọ̀dọ́ Asáré àti Àwọn Àgbà Tó Kọ́ Wọn

Ní ìlú Wichita, ní ìpínlẹ̀ Kansas ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọmọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Jim Ryun. Ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 1947 ni wọ́n bí i. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, etí rẹ̀ kò sì gbọ́ràn dáadáa. Ó gbìyànjú láti wọ ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù ṣọ́ọ̀ṣì wọn, wọ́n yọ ọ́ kúrò. Nígbà tó dé ilé-ìwé girama Wichita East ní ọdún 1962, ó sá máìlì kan, ó lo ìṣẹ́jú márùn-ún àti ìṣẹ́jú-àáyá 38. Kò burú, ṣùgbọ́n kò sí ohun ìyanu kankan níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni yóò sá a bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní yíjú wò wọ́n. Ṣùgbọ́n kí ọdún méjì tó pé, ọmọ yìí kan náà ti sá máìlì kan láìpé ìṣẹ́jú mẹ́rin, ohun tí ọmọ ilé-ìwé girama kan kò ṣe rí ní gbogbo Amẹ́ríkà.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kì í ṣe nítorí àtika ìṣẹ́jú nìkan ni a ṣe gbé ìtàn yìí kalẹ̀. Àwa tí a ń kọ́ ọmọ, ìbáà ṣe ní ilé-kéwú tàbí ní ilé-ìwé ìjọba, a mọ̀ pé bí ẹ̀bùn ọmọ kan bá ti hàn síta, àgbà kì í jìnnà sí i mọ́. Bàbá yóò dé, olùkọ́ yóò dé, oníṣòwò yóò dé, akọ̀ròyìn yóò tẹ̀lé wọn. Nínú eré sísá, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn àgbà wọ̀nyí máa ń hàn kedere ju ibòmíràn lọ, nítorí pé aago kì í ṣe ojúsàájú. Ohun tí àgbà bá ṣe sí ara ọmọ, aago yóò sọ ọ́. Bí kò bá sọ ọ́ lónìí, yóò sọ ọ́ ní ọdún márùn-ún sí i.

Irú eré tí à ń wí yìí kò kúrú bíi 100 mítà, kò sì gùn bíi máratọ́ọ̀nù. Láti 800 mítà ni títí dé máìlì kan, tí í ṣe nǹkan bíi 1,609 mítà, ìyẹn ni kí ènìyàn yí pápá po lẹ́ẹ̀mẹrin. Ìyà tó wà nínú rẹ̀ kò kéré. Ẹni tó ń sá 100 mítà ti dé òpin kí èémí rẹ̀ tó mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ń sá máratọ́ọ̀nù ń ṣún agbára rẹ̀ lò. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sá máìlì, eré rẹ̀ yá ju ohun tí èémí lè gbé lọ, ó sì pẹ́ ju ohun tí agbára ojú ẹsẹ̀ lè gbé lọ. Nígbà tó bá fi máa yí pápá po lẹ́ẹ̀kẹta, itan á ti máa gbóná, ẹsẹ̀ á sì wúwo bí ìgbà tí a di òkúta mọ́ ọn. Nítorí náà, ohun méjì ni kóòṣì ní láti kọ́ sí ara ọmọ: ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró tó lè gbé afẹ́fẹ́ púpọ̀, àti ẹsẹ̀ tó lè fara da ìgbóná yẹn. Ti àkọ́kọ́ gba ọ̀pọ̀ ọdún. Ti èkejì, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ti tó kí èso rẹ̀ hàn. Ibẹ̀ gan-an ni ìjà wà.

Kí ọ̀rọ̀ tó tó dé ọ̀dọ̀ Jim Ryun, àwọn kan ti ń wá ọ̀nà tipẹ́. Ní ìlú Freiburg ní Jámánì, láàárín ọdún 1930 sí 1940, kóòṣì kan tó ń jẹ́ Woldemar Gerschler àti dókítà ọkàn tó ń jẹ́ Hans Reindell jọ jókòó ti ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní kí ènìyàn sá ibi kúkurú títí ọkàn rẹ̀ yóò fi máa lù tó 180 láàárín ìṣẹ́jú kan, kí ó sinmi títí yóò fi wálẹ̀ sí 120, kí ó tún sá. Rudolf Harbig, tí Gerschler kọ́, fi ọ̀nà yìí sá 800 mítà ní Milan ní ọdún 1939 láàárín ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú-àáyá 46.6, èyí tí a ó máa kọ báyìí: 1:46.6. Ó di ọdún 1955 kí ẹnìkan tó sá a kíá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Harbig fúnra rẹ̀ kò rí ọjọ́ náà, ogun ti pa á ní ọdún 1944.

Ní ìpẹ̀kun ayé kejì, ní New Zealand, ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ bàtà, Arthur Lydiard, ń fi ara tirẹ̀ dán ọ̀nà mìíràn wò. Òun gbà pé kí ènìyàn kọ́kọ́ sá púpọ̀ ní wọ́ọ́rọ́wọ́, tó máìlì 100 lọ́sẹ̀, kí ó tó fọwọ́ kan eré kíákíá rárá. Ní Róòmù ní ọdún 1960, ní ọjọ́ kan ṣoṣo, méjì nínú àwọn ọmọ àdúgbò rẹ̀ gba wúrà Òlíḿpíìkì: Peter Snell nínú 800 mítà, Murray Halberg nínú 5,000 mítà. Ohun tí Lydiard tẹnu mọ́ lórí àwọn ọ̀dọ́ ni pé rírìn jìnnà kì í pa wọ́n lára tó eré tó ń mú ẹsẹ̀ gbóná. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó tún bá a pàdé.

Kóòṣì tó rí Jim Ryun ní Wichita ni Bob Timmons. Timmons ti kọ́ àwọn ọmọ ní lílúwẹ̀ẹ́ rí, bóyá ibẹ̀ ló ti kó àṣà àtúnṣe-àtúnṣe wá sórí pápá. Iṣẹ́ tó ń fún àwọn ọmọ kì í ṣe kékeré. Wọn á sá 440 yáàdì, wọn á sinmi díẹ̀, wọn á tún sá a. Ìgbà mìíràn wà tí Ryun ṣe é ní ìgbà 40 lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́sẹ̀ tí iṣẹ́ bá pọ̀, ó ń lọ bí máìlì 100. Ní ọdún 1963, ọmọ tó ti sá 5:38 tẹ́lẹ̀ ti ń sá 4:07.8. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti ibi ìdíje kan, nínú bọ́ọ̀sì, Timmons pè é, ó sì sọ fún un pé òun gbà pé ó lè di ọmọ ilé-ìwé girama àkọ́kọ́ tí yóò sá máìlì láìpé ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ẹ rántí pé ọdún mẹ́sàn-án péré ni ó ti kọjá nígbà náà tí Roger Bannister ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ ṣe é ní Oxford ní ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún 1954, ọmọ ọdún 25 sì ni òun. Ọmọ ọdún 16 ni Timmons ń bá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí.

A ti ronú púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ inú bọ́ọ̀sì yẹn. Ọmọ tí wọ́n ti lé kúrò nínú ẹgbẹ́ eré, tí kò gbọ́ràn dáadáa, ni àgbà kan wo ojú rẹ̀ tó sì sọ ohun ńlá sí i. Oore ni. Ẹrù sì ni pẹ̀lú, nítorí pé láti ọjọ́ náà lọ, ọmọ náà kò lè sá eré kan mọ́ kí ó jẹ́ eré lásán.

Ó ṣe é. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 1964, ní Compton ní California, ó sá 3:59.0. Ipò kẹjọ ni ó wà nínú eré ọjọ́ náà, àgbà ló wà níwájú rẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ó sá 3:58.3 níbi tí kò sí ju àwọn ọmọ ilé-ìwé ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ tí wọ́n lè bá a dù ú. Lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà 1965, ní San Diego, ó sá 3:55.3, ó sì ṣíwájú Peter Snell tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó ti gba wúrà Òlíḿpíìkì mẹ́ta. Ọdún 36 ni àkókò yìí fi wà láìsí ọmọ ilé-ìwé girama Amẹ́ríkà tó lè bò ó, títí Alan Webb fi sá 3:53.43 ní Eugene ní ọdún 2001. Ní ọdún 1966, nígbà tí Ryun jẹ́ ọmọ ọdún 19, ó sá máìlì ní 3:51.3, kò sì sí ẹni tó sá a tó bẹ́ẹ̀ rí láyé. Ní 1967 ó tún din ín kù sí 3:51.1.

Bí ìtàn bá parí síbẹ̀, à bá ní kí gbogbo olùkọ́ lọ kọ́ ọgbọ́n lọ́dọ̀ Timmons. Ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀. Ní ọdún 1968, àìsàn kan tó ń gba agbára ènìyàn mú Ryun. Ó bọ́ nínú rẹ̀, ó sì lọ sí Òlíḿpíìkì Mexico City, ìlú tó ga tó 2,240 mítà ju òkun lọ, níbi tí afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́. Kipchoge Keino ti Kenya, tí wọ́n bí sórí òkè, ta á yọ ní ìwọ̀n 20 mítà. Keino sá 3:34.9, Ryun sá 3:37.8. Ryun gba fàdákà. Fàdákà Òlíḿpíìkì ní ọmọ ọdún 21! Ìdílé wo ni inú rẹ̀ kò ní dùn? Ṣùgbọ́n àwọn akọ̀ròyìn orílẹ̀-èdè rẹ̀ kọ̀wé bí ẹni pé ó jalè. Ní oṣù kẹfà 1969, nígbà tí eré ń lọ lọ́wọ́ ní Miami, Ryun yà kúrò lórí pápá, ó sì rìn lọ. Kò sá ìdíje mọ́ fún ohun tó lé ní ọdún kan. Ó padà, ó sì dé Munich ní 1972, ṣùgbọ́n ní ìpele àkọ́kọ́, òun àti Billy Fordjour ti Ghana kọlu ara wọn, ó ṣubú, Òlíḿpíìkì rẹ̀ sì parí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wọ ìṣèlú, ó ṣe aṣòfin Kansas ní Washington láti 1996 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2007.

Àwọn kan sọ pé eré 440 yáàdì ní ìgbà 40 ló jẹ ẹ́ run. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ara Ryun gbà á. Ó yá ní ọmọ ọdún 17, ó yá ní ọmọ ọdún 20. Ohun tó jẹ ẹ́ run, lójú tiwa, ni pé láti ìgbà ọmọdé kò sí ẹni tó gbà fún un kí ó pàdánù.

A lè fi ọmọ Mòrókò kan wé e. Hicham El Guerrouj, tí wọ́n bí ní Berkane ní ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án 1974, gba ipò kẹta nínú 5,000 mítà ní ìdíje àwọn ọ̀dọ́ àgbáyé ní Seoul ní 1992. Haile Gebrselassie ti Ethiopia ló gbégbá orókè lọ́jọ́ náà. Ipò kẹta, kò sí ariwo. Ó lọ gbé ní ibùdó ìjọba tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn asáré ní Rabat, kóòṣì Abdelkader Kada sì mú un ní ọdún dé ọdún. Ní Òlíḿpíìkì Atlanta ní 1996, ó ṣubú nígbà tó ku yíyí pápá kan. Ní Sydney ní 2000, ó gba fàdákà, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Láàárín méjèèjì, ó sá 1,500 mítà ní 3:26.00 ní Róòmù ní 1998, àti máìlì ní 3:43.13 ní Róòmù kan náà ní 1999. Fún ohun tó lé ní ọdún 25, kò sí ẹni tó lè pa wọ́n rẹ́. Ó di Athens ní ọdún 2004, nígbà tó kù díẹ̀ kó pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, kí ó tó gba wúrà Òlíḿpíìkì, méjì sì ni ó gbà lẹ́ẹ̀kan náà, 1,500 mítà àti 5,000 mítà. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ti pè é ní ẹni tó bàjẹ́ lẹ́yìn Atlanta, ta ni ìbá dúró de Athens?

Ti àwọn ọmọbìnrin le jù. Mary Decker, ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní 1958, fẹ́ràn eré sísá débi pé ní ọmọ ọdún 12, láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó sá máratọ́ọ̀nù kan, ó sá 440 yáàdì, ó sá 880 yáàdì, ó sá máìlì kan, ó tún sá máìlì méjì. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó tán, ó ti wà ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ní ọmọ ọdún 14, ní Minsk ní 1973, ọmọ tó ṣì ń so irun méjì yìí ṣíwájú obìnrin ilẹ̀ Soviet tó gba fàdákà Òlíḿpíìkì 1972. Gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà, bí Ọlọ́run ti dá gbogbo ọmọbìnrin, ara rẹ̀ yí padà. Ó ga sí i, ó tóbi sí i, egungun rẹ̀ ń gùn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ojoojúmọ́ kò dín. Iṣan ojúgun rẹ̀ ń wú nínú awọ tó bò ó títí tí kò fi lè rìn láìsí ìrora. Kò lè lọ sí Òlíḿpíìkì Montreal ní 1976. Ọ̀pọ̀ dókítà kò mọ ohun tó ń ṣe é, àfi ìgbà tí asáré New Zealand kan, Dick Quax, tí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ti ṣe rí, tọ́ka ọ̀nà. Wọ́n la awọ tó fún iṣan náà, ara rẹ̀ yá. Ní Helsinki ní ọdún 1983, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 25, ó gba wúrà àgbáyé méjì.

Ẹ kíyè sí i pé ọmọ yìí ní àlùbáríkà pé ẹnìkan mọ àìsàn rẹ̀. Àwọn mìíràn tí wọ́n sá bíi tirẹ̀ ní ọmọ ọdún 13, a kò gbọ́ orúkọ wọn mọ́.

Zola Budd ti South Africa náà jẹ́ ọmọ ọdún 17 nígbà tó sá 5,000 mítà ní 15:01.83 ní Stellenbosch ní oṣù kìíní 1984, láìwọ bàtà. Àkókò yẹn yá ju ti gbogbo obìnrin ayé lọ, ṣùgbọ́n wọn kò kà á sí, nítorí pé wọ́n ti yọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ kúrò láàárín ẹgbẹ́ nítorí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ilé ìwé-ìròyìn kan ní London bá a wá ìwé ọmọ-ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ó sì rí i gbà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ní Los Angeles ní oṣù kẹjọ ọdún náà, òun àti Mary Decker fẹsẹ̀ kọ ara wọn, Decker ṣubú, àwọn èrò sì ń hó lé ọmọ ọdún 18 yìí lórí títí ó fi parí sí ipò keje. Ọmọ náà kò ṣe òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà, kò sì lọ ra ìwé-ìrìnnà fúnra rẹ̀. Àgbà ló ṣe gbogbo rẹ̀, òun ló gba ìhó.

A kò ní pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ Ma Junren ti Ṣáínà, nítorí pé ó ń bí wa nínú. Ní ọdún 1993, àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó ń kọ́ pa àkókò ayé rẹ́ bí ẹni ń ya ìwé: Qu Yunxia sá 1,500 mítà ní 3:50.46, Wang Junxia sá 10,000 mítà ní 29:31.78. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ìjàpá àti olú inú kòkòrò ni òun ń fún wọn mu. Ní òpin 1994, àwọn ọmọ náà fi í sílẹ̀. Ní ọdún 2000, kí wọ́n tó lọ sí Sydney, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn tó kù wò, wọ́n sì yọ mẹ́fà nínú wọn kúrò. Ní 2016, lẹ́tà kan tí àwọn asáré rẹ̀ ti fọwọ́ sí láti 1995 jáde síta, wọ́n sì sọ nínú rẹ̀ pé oògùn tí òfin kọ̀ ni wọ́n ń fi tipá fún wọn. Ara ọmọ, àmánà ni lọ́wọ́ ẹni tí a fà á lé.

Ẹ jẹ́ kí a kọjá sí ibi tó dára. Ní Kenya, ìlú kékeré kan wà lórí òkè tó ń jẹ́ Iten, ó ga tó 2,400 mítà. Ilé-ìwé àwọn Kátólíìkì kan wà níbẹ̀, St Patrick's. Ní ọdún 1976, olùkọ́ jọ́gíráfì kan dé ibẹ̀ láti Ireland, Brother Colm O'Connell. Kò sá eré rí, kò sì kọ́ ẹ̀kọ́ kóòṣì níbikíbi. Ẹni tó bá níbẹ̀ ni Peter Foster, àbúrò Brendan Foster asáré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí Foster padà sílé, ẹrù bọ́ sí ọrùn olùkọ́ yìí. Kí ló ṣe? Ó ń wò wọ́n. Ó ń wo bí ọmọ ṣe ń gbé ẹsẹ̀, bó ṣe ń gbé apá, bó ṣe ń mí, ó sì ń béèrè lọ́wọ́ wọn bó ṣe rí lára wọn. Àwa tó ń kọ́ ọmọ ní kéwú mọ irú ọ̀nà yìí. Alááfà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fi ìwọ̀n wàláà kan náà lé gbogbo ọmọ lọ́wọ́. Ó ń gbọ́ ohùn ọmọ kí ó tó mọ̀ bóyá kí ó fi kún un.

Àwọn tó jáde láti St Patrick's kò kéré. Peter Rono gba wúrà 1,500 mítà ní Seoul ní 1988, ọmọ ọdún 21. Wilson Kipketer, tó padà di ọmọ Denmark, sá 800 mítà ní 1:41.11 ní 1997. Ibrahim Hussein, ọmọ Kenya àkọ́kọ́ tó gba máratọ́ọ̀nù New York ní 1987 àti ti Boston ní 1988, ilé-ìwé yìí náà ló lọ. Igi ni wọ́n máa ń gbìn sínú ọgbà ilé-ìwé fún àwọn tó bá gba ipò kìíní láyé.

Èyí tó wù wá jù ni ti David Rudisha, ọmọ Màsáì tí wọ́n bí ní oṣù kejìlá 1988. Bàbá rẹ̀, Daniel, wà nínú àwọn mẹ́rin tó gba fàdákà fún Kenya ní Mexico City ní 1968, ìdíje kan náà tí Keino ti ta Ryun yọ. Nígbà tí ọmọ náà dé ọ̀dọ̀ Brother Colm, 400 mítà ló ń sá. Olùkọ́ wò ó, ó ní kí ó gbìyànjú 800 mítà. Ní 2006 ó gba wúrà àwọn ọ̀dọ́ àgbáyé ní Beijing pẹ̀lú 1:47.40, àkókò tí kò lè dẹ́rù ba àgbà kankan. Kò sí ẹni tó kán an lójú. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ 2012, ní London, ó síwájú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì sá 1:40.91. Ọmọ tiwa náà, Fálílátù Ògúnkọ́yà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eré kúkurú ni tirẹ̀, gba wúrà 200 mítà àwọn ọ̀dọ́ àgbáyé ní Athens ní 1986, ọdún mẹ́wàá gbáko ló sì wà láàárín rẹ̀ àti idẹ 400 mítà tó gbà ní Òlíḿpíìkì Atlanta.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò bi wá nípa ọjọ́ orí, torí pé àwọn ọ̀dọ́ kan wà ní ilẹ̀ Áfíríkà tí ọjọ́ orí ìwé wọn kì í dàgbà. Òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ ìtìjú sì ni. Ṣùgbọ́n a kò lè dín ọdún kù kúrò nínú 1:40.91.

Ní Norway, nínú ìdílé kan ní Sandnes, bàbá ló di kóòṣì. Gjert Ingebrigtsen kò sá eré ìje rí, ṣùgbọ́n ó kọ́ ọmọkùnrin mẹ́ta títí gbogbo wọn fi gba wúrà 1,500 mítà ní Yúróòpù. Èyí tó kéré jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Jakob, tí wọ́n bí ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án 2000, ti ń sá pẹ̀lú ìlànà láti kékeré. Ọ̀nà wọn yàtọ̀ sí ti Timmons. Wọ́n á gún etí tàbí ìka asáré, wọ́n á mú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan, wọ́n á fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun tó ń mú ẹsẹ̀ gbóná ti ń pọ̀ jù. Bó bá ti ń pọ̀, wọ́n á ní kí ó dẹ eré. Ní èrò tiwa, ohun tí Lydiard ń wí ní New Zealand ni ẹ̀rọ yìí wá ń fi hàn. Jakob sá máìlì ní 3:58.07 ní Eugene ní 2017, ọmọ ọdún 16. Ní Berlin ní 2018, ọmọ ọdún 17, ó gba wúrà Yúróòpù méjì láàárín ọjọ́ méjì. Ní Tokyo ní 2021, ó gba wúrà Òlíḿpíìkì pẹ̀lú 3:28.32.

Ẹ̀rọ náà kò lè wọn ohun tó wà nínú ilé. Ní oṣù kẹwàá 2023, àwọn arákùnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ ọ́ sínú ìwé-ìròyìn pé bàbá àwọn ti fìyà jẹ àwọn, wọ́n sì ti kúrò lábẹ́ rẹ̀ ṣáájú. Bàbá ní irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ dé ilé-ẹjọ́. Ní oṣù kẹfà 2025, ilé-ẹjọ́ dá a láre nínú ẹ̀sùn tó kan Jakob, ṣùgbọ́n wọ́n dá a lẹ́bi pé ó na ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yòókù, wọ́n sì dá ẹ̀wọ̀n ọjọ́ 15 fún un tí kò ní lọ ṣe àyàfi bó bá tún ṣẹ̀. A kò sí níbẹ̀, a kò lè ṣe ju ilé-ẹjọ́ lọ. Ohun tí a lè sọ ni pé bàbá tó bá tún jẹ́ kóòṣì, ó yẹ kí wákàtí kan wà lójúmọ́ tí ọmọ yóò mọ̀ pé bàbá nìkan ló wà nílé.

Ọdún 2025 kan náà ti mú àwọn ọmọ tuntun wá. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹta, ní Auckland, Sam Ruthe, ọmọ ọdún 15, sá máìlì ní 3:58.35, kò sì sí ọmọ tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tó ṣe é rí. Ìyá rẹ̀ àgbà ti gba wúrà 800 mítà nínú eré Kọ́múnwẹ́ẹ̀tì ní 1970. Ní Eugene, ní oṣù kẹjọ, Cooper Lutkenhaus, ọmọ ọdún 16 láti Texas, sá 800 mítà ní 1:42.27 láàárín àwọn àgbà, ó sì gba ipò kejì ní gbogbo Amẹ́ríkà. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ilé-iṣẹ́ Nike ti bá a fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n mú un lọ sí ìdíje àgbáyé ní Tokyo. Kò kọjá ìpele àkọ́kọ́. Jim Ryun náà, Tokyo yìí ni ó ti kọ́kọ́ ṣe Òlíḿpíìkì, ní ọdún 1964, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 17. Òun náà kò dé àṣekágbá.